Òwú Tí Keturah Gbìn Sáàárín Ẹ̀gẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá bo ọ̀nà Lánlátẹ̀ láàárọ̀, tí ojú kò ríran ju igi mẹ́ta lọ, oko Keturah Adérógbà ni ó máa ń kọ́kọ́ yọ. Ó funfun ju ọyẹ́ lọ. Kò tóbi: ọgọ́ta ìṣísẹ̀ ní gígùn, ogójì ní ìbú. Ẹ̀gẹ́ ló yí i ká lọ́tùn-ún lósì, òwú nìkan ló wà láàárín, àwọn èso rẹ̀ tó ti là sì ń mì díẹ̀díẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé.

Màmá Bólú ni àwọn ará Igbó-Ọrà ń pe Keturah, nítorí Bólúwadúró àkọ́bí rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Ó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ti fẹ̀yìntì tipẹ́. Ìtàn aṣọ ìbílẹ̀ ni mo ń ṣe ìwádìí rẹ̀ kiri, òun nìkan sì ni mo mọ̀ ní gbogbo Ìbàràpá tí ó ṣì ń fi ọwọ́ ran òwú, tí ó sì ń fi í hun kíjìpá, aṣọ tó nípọn tí àwọn obìnrin ń hun nílé láyé àtijọ́. Mo ní "mo mọ̀" nítorí ọkùnrin kan sọ fún mi pé méjì irú rẹ̀ ṣì wà ní ìlú Tápà nítòsí ibẹ̀. Mo dé Tápà. N kò rí ẹnì kankan.

Ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ máa sọ ẹ̀gẹ́ di sítáàṣì ti gba ilẹ̀ ẹbí Adérógbà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bólúwadúró ló ṣojú ẹbí, òun ló fọwọ́ sí ìwé, oko ìyá rẹ̀ sì bọ́ sáàárín ohun tó fọwọ́ sí. Ìyá ní òun kò ní kúrò níbẹ̀. Godwin, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣojú ilé iṣẹ́ náà, wá fún un ní ọ̀nà kan. Tí ilé ìwádìí ọ̀gbìn bá jẹ́rìí sí i pé àkẹ̀ṣe gidi ni òwú náà, irú èyí tó wà nílẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, wọn yóò yẹ ààlà kúrò lórí rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, katakata yóò tú ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ti fi irúgbìn ránṣẹ́. Èsì ni gbogbo wa ń retí.

Màmá Bólú kò jókòó bí ẹni tó ń retí nǹkan. Abẹ́ igi máńgòrò ni ó ń jókòó sí, ìrànwú lọ́wọ́ ọ̀tún, òwú bíńtín lọ́wọ́ òsì. Yóò fi ìka ta ìrànwú náà bí òkòtó, yóò máa pòyì lọ sílẹ̀, fọ́nrán òwú yóò máa gùn tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ náà yóò sì máa gùn. Lẹ́yìn wákàtí kan, èèyàn kò ní mọ èyí tó jẹ́ tòní mọ́ àti èyí tó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo ní láti máa dá a dúró kí n lè bi í pé ta ló ń sọ.

Abọ́sẹ̀dé, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló sábà máa ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Màmá Bólú ní kí wọ́n tó bí Abọ́sẹ̀dé, àwọn òyìnbó ti ṣe ẹ̀rọ kan sí Mánṣẹ́sítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé òwú tí gbogbo obìnrin Igbó-Ọrà yóò ran lọ́dún kan, àárọ̀ kan péré ni yóò fi ran án. Ẹ̀rọ náà kì í sùn, kì í sì í yó. Òwú Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fún un jẹ. Nígbà tí Amẹ́ríkà náà kọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, oúnjẹ dín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ mìíràn tí yóò máa bọ́ ọ. Ilẹ̀ Íjíbítì, ilẹ̀ Íńdíà, ilẹ̀ wa. Sójà dé, àdéhùn dé, ojú irin dé. Lójú Màmá Bólú, ebi ẹ̀rọ yẹn ló bí ìjọba òyìnbó. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé epo pupa wà níbẹ̀, pé ogun tí Yorùbá ń bá ara wọn jà wà níbẹ̀. Ó gbà. Ó ní ọ̀làjú ni ìwé tí òun fi kọ́ ọmọ sọ pé ojú irin gbé wá, gbogbo ọmọ tó bá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni òun fún ní máàkì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Abọ́sẹ̀dé nìyí, bí ó ṣe sọ ọ́. Ọkùnrin kan tó wọ kakí pín irúgbìn òyìnbó káàkiri. Ó ní kí wọ́n fa àkẹ̀ṣe tu kó má bàa ba ti òyìnbó jẹ́, nítorí òwú tí fọ́nrán rẹ̀ bá gùn dọ́gba ni ẹ̀rọ ń fẹ́. Ẹni tó bá kọ̀, akọ́dà yóò wá bá a fà á tu. Àwọn obìnrin ru òwú tuntun lọ sí ojú irin. Ó lọ ní funfun, ó padà wá ní aṣọ aláràbarà tó pọ́ọ́kú ju fọ́nrán tí wọ́n ń fi ọwọ́ ran lọ. Kí Abọ́sẹ̀dé tó bímọ kẹta, gbogbo òfì agbo ilé wọn ti di igi ìdáná. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń na ìka sí ojú ọ̀run, á ní òwú àwọn ló ń wá ọ̀nà ilé.

Mo bi Màmá Bólú pé ọdún wo. Ó dárúkọ ọdún méjì tí kò bá ara wọn mu. Mo wo inú ìwé: àwọn tó ń pín irúgbìn kọjá níhìn-ín lóòótọ́. N kò rí orúkọ Abọ́sẹ̀dé. Ta ni ì bá kọ ọ́?

Abọ́sẹ̀dé kò fa àkẹ̀ṣe rẹ̀ tu tán. Ní agbo ilé wọn, irúgbìn tó bá ṣọ̀wọ́n, àárín ohun tó pọ̀ ni wọ́n ń gbìn ín sí, kí ojú olójú àti ẹnu ewúrẹ́ má bàa tètè kàn án. Ó gbin àkẹ̀ṣe sáàárín òwú òyìnbó. Akọ́dà wá, ó wò, òwú ló rí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni Keturah ṣe títí tí òwú òyìnbó fi kúrò lóko tí ẹ̀gẹ́ sì gba ipò rẹ̀.

Èsì dé lọ́jọ́ Ẹtì. Òwú náà ti dàpọ̀. Ti òyìnbó pọ̀ nínú rẹ̀ ju àkẹ̀ṣe lọ. Mo pe ẹni tó ṣe àyẹ̀wò náà lórí fóònù, ó ní iṣẹ́ oyin ni: oyin ń ti orí òdòdó kan bọ́ sórí èkejì, kò mọ èyí tí èèyàn fi pa mọ́. Ibi tí Abọ́sẹ̀dé fi òwú rẹ̀ pa mọ́ sí gan-an ló ti sọnù.

Màmá Bólú ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe kan nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn. Bólúwadúró, tí ojú ti ń tì láti ọjọ́ tó ti fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, rọra sún mọ́ ọn.

"Màmá, Godwin ò tíì mọ̀ pé èsì ti dé. Ẹ jẹ́ ká ṣì fi pa mọ́ ná."

"Ká fi pa mọ́ síbo? A ti fi nǹkan pa mọ́ tó."

"Ṣebí òun náà ti kúkú di òwú òyìnbó. Kí lẹ tún ń torí ẹ̀ jà sí?"

"Wo imú ẹ. Imú bàbá ẹ ni, ẹnu yẹn ni tèmi. Ṣé mo gbé ẹ jù sígbó torí o dàpọ̀? Keturah tí wọ́n ń pè mí, ṣé Igbó-Ọrà ni wọ́n ti hú u ni?"

Bólúwadúró kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, Godwin dé pẹ̀lú Àkíbù, awakọ̀ katakata. Màmá Bólú kò jẹ́ kó kí òun tán tó fi na ìwé èsì náà sí i. Godwin kà á, ó ká a, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Tó bá ṣe pé èmi ni, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Láti Èkó ni wọ́n ti ń pàṣẹ."

"Àwọn ti Èkó ńkọ́? Ta ló ń pàṣẹ fún wọn?"

"Òkè òkun ni, mà."

Màmá Bólú mi orí bí ìgbà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan bá dáhùn ìbéèrè dáadáa. Ó ní nígbà tí iye tí wọ́n ń ra òwú já wálẹ̀ lójijì, tí Abọ́sẹ̀dé bi oníkakí pé kí ló dé, ohun tí òun náà sọ nìyẹn: kì í ṣe òun, àṣẹ orí wáyà ló wá láti òkè òkun. Abọ́sẹ̀dé kò mọ̀wé. Ó yí padà, ó lọ sílé.

"Èmi mọ̀wé," ni Màmá Bólú wí. "Fún mi lórúkọ ẹni náà àti àdírẹ́sì ẹ̀. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí i."

Godwin kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó tú ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò, kò rí i. Ó pe Èkó. Èkó ní kó dúró. Ó gun orí òkìtì ọ̀gán kan, ó ń na fóònù sókè láti wá nẹ́tíwọ̀kì. Àkíbù pa ẹ̀rọ, ó fi fìlà bojú, ó sùn. Màmá Bólú àti ọmọ rẹ̀ wọnú òwú lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Ọyẹ́ kò ká lọ́jọ́ náà. Láti ojú ọ̀nà, orí àwọn méjèèjì nìkan ló hàn, tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí funfun náà, bí ẹni tó ń wẹ̀ nínú wàrà.

Nígbà tó di agogo mẹ́rin, Èkó dáhùn pé kì í ṣe ẹnì kan. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ni ilé iṣẹ́ náà, òmíràn ló tún ni èyíinì, ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí orúkọ tí wọ́n lè fún un. Àkíbù ní ọjọ́ ti lọ, ó wa katakata padà sí Èrúwà.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tú oko náà. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Àpò òwú mẹ́rin ti wà nílé, àwọn èso tí kò tíì là sì wà lórí ẹní nínú yàrá, wọ́n ń là fúnra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́tà náà ti parí. Ojú ìwé mẹ́ta ni, kò sí ìparẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ó kọ ọjọ́, ó kọ Igbó-Ọrà, ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Ibi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó ń kọ ọ́ sí wà ṣì ṣófo. Láràárọ̀ ló ń pe Godwin lórí fóònù láti bèèrè orúkọ náà, Godwin sì ń gbé ìpè rẹ̀.