Bí Motọ́lání Ṣe Gbin Olú Nínú Ẹ̀ẹ̀rùn

Aránṣọ ni Motọ́lání ní Siluko Road, ní ìlú Benin. Ọmọ Oǹdó ni. Iṣẹ́ ọkọ̀ tí Jayéọlá ọkọ rẹ̀ ń wà ló gbé wọn dé Benin. Ó já fáfá nídìí ẹ̀rọ, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì yé pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fẹ́ rí i kí ojú rẹ̀ tàn, kó má bá a sọ̀rọ̀ aṣọ. Olú ni kó bá a sọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ a máa tu olú nínú oko kòkó lẹ́yìn òjò, wọn a fi se ọbẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò sì ní bèèrè ẹran.

Ní ọdún 2008, ìjọ wọn pe obìnrin kan wá láti kọ́ wọn bí a ṣe ń gbin olú sínú yàrá. Motọ́lání ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, òun ló sì kẹ́yìn kúrò. Obìnrin náà ní kí wọ́n se lẹ́búlẹ́bú igi tó ń jábọ́ lẹ́nu ayùn, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú irúgbìn olú, kí wọ́n sì tò ó sínú yàrá tó ṣókùnkùn, tó sì tutù. Ta ni yóò wá lẹ́búlẹ́bú igi tì ní Benin? Igi gẹdú ni Jayéọlá ń kó lọ sí ibi ìlagi lójoojúmọ́. Motọ́lání palẹ̀ yàrá ẹ̀yìnkùlé mọ́, ó kan pẹpẹ sí i, ó sì to àwọn ọ̀rá olú náà sórí rẹ̀.

Òjò ọdún náà kò tíì dáwọ́ dúró tí olú fi yọ, funfun nini, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí etí. Ó gbé díẹ̀ lọ fún Olúmúyìwá, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń dáná ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA. Ọkùnrin náà fi àlùbọ́sà dín in, ó sì jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró.

“Mà, níbo lẹ ti rí èyí?” ló bèèrè. “A ní àwọn àlejò kan tó ń bọ̀ ní oṣù kẹta, wọn kì í jẹ ẹran. Olú yín yìí ni mo fẹ́ fún wọn o!”

“Màá gbé e wá!” ni Motọ́lání dáhùn kíá. Ayọ̀ kò jẹ́ kó rántí ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tí oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e dé, òòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yan páànù orí yàrá náà. Olú á yọ bí orí ìṣáná, á pọ́n, á sì gbẹ dànù. Ó da omi sílẹ̀, ó fi àpò tútù bo fèrèsé, pàbó ni. Ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Iná wo ni yóò gbé e?

Lọ́jọ́ kan, ó lọ ra ẹja ní ṣọ́ọ̀bù Fadékẹ́, ẹlẹ́ja dídì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Fadékẹ́ ṣí fíríìsà, òtútù sì fẹ́ sí Motọ́lání lójú.

“Fadékẹ́, tún un ṣí!”

“Àǹtí, ẹja wo lẹ fẹ́?”

“Fi ẹja sílẹ̀ ná! Atẹ́gùn yẹn ni mo fẹ́ rà!”

Ó sáré délé, ó fa kúlà àtijọ́ kan jáde. Ó fi ọ̀bẹ gbígbóná lu ihò ńlá sí ìdérí rẹ̀, ó sì da ojú fáànù oníbátìrì bò ó, kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ó tún lu ihò kejì sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ki páìpù bọ̀ ọ́. Fadékẹ́ bá a rọ omi iyọ̀ sínú ìgò oníke, ó kó wọn sínú fíríìsà rẹ̀ títí wọ́n fi dì, wọ́n sì tò wọ́n sí inú kúlà.

Jayéọlá wọlé bá a. “Ìyá Mofẹ́, ṣé pósí ológbò lò ń kàn ni?”

“Bàbá Mofẹ́, ẹ gbọ́wọ́ yín wá síbí.”

Ó gbọ́wọ́ sí ẹnu páìpù. “Háà!” ló kígbe. “Òtútù gidi ni!”

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, yìnyín ti yọ́, yàrá ṣì gbóná bí ààrò. Ọ̀rá tó wà lẹ́nu páìpù nìkan ló jàǹfààní. Jayéọlá ní kó lọ sọ fún Olúmúyìwá pé kò ṣeé ṣe. Motọ́lání padà sídìí iṣẹ́.

Oníbàárà kan gbé ẹ̀wù tó tóbi jù ú wá pé kó bá òun fún un. Motọ́lání fi abẹ́rẹ́ gán ìbàdí ẹ̀wù náà, àfi bó ṣe dúró gbagidi.

“Yàrá yẹn ló tóbi jù! Fífún ló yẹ kí n fún un!”

“Àǹtí, ẹ̀wù tèmi ńkọ́?”

“Ó ń bọ̀, ìyàwó, ó ń bọ̀!”

Ó ra ọ̀rá tó nípọn, ó rán an bí néẹ̀tì ẹ̀fọn tó bo pẹpẹ kan ṣoṣo látòkè délẹ̀. Ó rán apá sí i lára, bí apá bùbá, ó sì ki páìpù bọ inú rẹ̀. Ó ṣí ojú kékeré sílẹ̀ lókè kí ooru lè jáde. Ó fi kúbùsù àtijọ́ wé ọ̀rá àti kúlà, kí òtútù má bàa tètè sá. Bí ìgò kan bá ti yọ́, Fadékẹ́ á gbé òmíràn dé.

Nígbà tí Motọ́lání rọra ki ara bọ inú ọ̀rá náà, òtútù mú un wọnú eegun. Ní Benin, nínú oṣù kejì! Ó pariwo pe ọkọ rẹ̀. Jayéọlá ki orí bọ̀ ọ́, kò sì fẹ́ yọ ọ́ mọ́.

“Ẹ jáde, ẹ jẹ́ kí olú mí!”

“Èmi náà fẹ́ mí, jàre!”

Ká tó wí, olú bẹ́ síta ní ìdì ní ìdì. Motọ́lání sáré jáde tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó di mọ́ Fadékẹ́ láàárín àwọn tó ń ra ẹja, àwọn méjèèjì sì ń fò sókè.

Ọkọ̀ akógi Jayéọlá ni wọ́n fi gbé olú lọ sí GRA, agbọ̀n lórí itan Motọ́lání. Aṣọ́nà kò jẹ́ kí ọkọ̀ gìrìwò náà wọlé, ni Olúmúyìwá bá sáré jáde tòun ti épírọ́ọ̀nù. Ó ṣí agbọ̀n, ó sì gbá orí mú.

“Mà! Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí?”

Àwọn àlejò náà jẹ ẹ́, wọ́n sì bèèrè fún un lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, Olúmúyìwá ti ní òun kò fẹ́ kí olú wọ́n òun mọ́, ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò. Fadékẹ́ fi apá kan fíríìsà rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgò, òun àti Motọ́lání sì di alájọṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lu ihò sí kúlà kejì, àwọn obìnrin ìjọ ti kún ẹ̀yìnkùlé wá wòran, Motọ́lání sì ń ṣàlàyé pẹ̀lú ìtara, ọ̀rọ̀ ń lé ara wọn lẹ́nu rẹ̀, títí ẹnìkan fi kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Mọ́mì Mofẹ́, ẹ rọra, a ò tíì rí ibi tí ẹ fi fáànù sí!”