Àpùdéètì Tó Lé Wa Dé Yàbá

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí èmi àti ìyàwó mi ti jáde nílé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, inú sì ń bí mi. Ẹ má bi mí pé ta ló ṣẹ̀ mí. Kọ̀ǹpútà ló ṣẹ̀ mí. Lọ́jọ́ Ajé ló béèrè bóyá kí òun gba ètò tuntun tí yóò máa darí òun, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní àpùdéètì. Ó ní òun á yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń rìn bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ rọ́.

Ẹ̀yin ará ilé ní Iléṣà tẹ́ ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé etí ìyàwó mi kì í gbọ́rọ̀, láti kékeré ni. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀ nínú ilé wa, kì í sì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé adití. Àwa mẹ́ta la dá tiwa sílẹ̀, èmi, òun, àti Mọjísọ́lá ọmọ wa kan ṣoṣo. Mọjí wà ní Kánádà báyìí. Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń sọ yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ inú rẹ̀, ó sì ti ní òun fẹ́ bá ìyá òun sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé òun wọlé.

Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti máa ń ríra. Bí àwòrán bá ń já, tó ń dúró, ọwọ́ á wà lókè láì sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì dàrú. A gbìyànjú fóònù mi, àmọ́ ìka kéré jù níbẹ̀, ojú ìyàwó mi ò gbé e mọ́. Gbogbo ẹni tí mo ṣàlàyé fún ló ń sọ pé kí n kúkú pè é, ká gbọ́ ohùn ara wa. Ohùn wo? Díẹ̀ ló kù kí n gbá ẹni tó sọ ọ́ kẹ́yìn létí.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá la wọ̀ dé Ojúẹlẹ́gbà. Kòtò ló kún ọ̀nà àdúgbò wa, omi òjò àná sì wà nínú wọn. Mo gbé kọ̀ǹpútà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, mo sì ń ṣépè fún un. Awakọ̀ kí mi, mo dáhùn. Ó kí ìyàwó mi, kò dáhùn. Ó tún kí i, ló bá ní ìgbéraga àwọn màmá Èkó yìí ti pọ̀ jù. Ní Iléṣà, ẹni tó bá kí àgbà tí àgbà ò dáhùn á kọ́kọ́ wojú rẹ̀ wò, bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Mo sọ fún un pé etí ìyàwó mi ni kò gbọ́, pé ẹnu tirẹ̀ ló yẹ kí wọ́n lọ tún ṣe. Ó bẹ̀ wá títí a fi sọ̀ kalẹ̀, mo kẹ̀yìn sí i. Ìyàwó mi ló juwọ́ sí i, tó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ kejì fi máa já wa sí Yàbá, gbogbo ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló ṣì wà ní títì. Ta ló rán mi níṣẹ́ ká jí bẹ́ẹ̀? A ra àkàrà àti búrẹ́dì, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Àkàrà náà kéré, iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá din irú rẹ̀ á dá a jẹ ni.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ orógbó ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Kò tíì kí wa tó ti nawọ́ gba ẹ̀rọ. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ní ohun tó ń gba nẹ́tíwọ̀kì nínú rẹ̀ ti kú, kí n lọ mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà wá. Mo ní báwo ló ṣe kú tó ṣì ń gbà á díẹ̀díẹ̀? Ó ní mi ò lè mọ iṣẹ́ òun ju òun lọ. Mo gba ẹrù mi lọ́wọ́ olè.

Obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù kejì, Àǹtí Ṣadé ni wọ́n ń pè é. Òun fi sùúrù gbọ́ tẹnu mi. Ó so ẹ̀rọ mọ́ nẹ́tíwọ̀kì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ṣí fídíò kan, fídíò náà sì ń lọ geere.

"Ẹ̀rọ yín ò ṣe nǹkan kan, bàbá," ó ní. "Nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò yín ni."

Ṣé àdúgbò mi ló ṣe àpùdéètì ni? Mo pariwo débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yọjú. Mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ la ikùn ọmọ mi lọ́sàn-án yìí, pé ìyá rẹ̀ ò ní lè bá a sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀rọ tí ò ṣe nǹkan kan. Mo jáde, mo jókòó síta, mo so ó mọ́ fóònù mi kó lè gba dátà níbẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe nílé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Omi lé sí mi lójú, ìbínú ló fà á.

Fóònù náà wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́ kó tó fọwọ́ kàn mí. Àmì kékeré tó ń fi hàn pé dátà ń lọ ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn, bẹ́ẹ̀ mi ò ṣí ohunkóhun. Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó kó ìka jọ, ó sì gbé wọn lọ sẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń jẹun, ohun tó sọ nìyẹn.

Mo fà á wọlé pa dà, mo ní kó tún un sọ, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Àǹtí Ṣadé wo fóònù, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní ẹ̀bi òun ni, nẹ́tíwọ̀kì ńlá lòun fi dán an wò, ìjẹun náà kò sì lè fara hàn níbẹ̀. Àwa tí à ń ra dátà ní ìwọ̀nba máa ń kìlọ̀ fún kọ̀ǹpútà pé kó má fi ti fóònù wa ṣòfò. Mọjí ti kìlọ̀ fún tèmi kó tó rìnrìn àjò. Àpùdéètì ló mú kí ẹ̀rọ gbàgbé ìkìlọ̀ náà. Ó ṣe bí ẹni tó wà níbi tí dátà kì í tán, ó ń kó àpùdéètì mìíràn wọlé lẹ́yìn wa, kò sì ṣẹ́ nǹkan kan kù fún àwòrán. Ibì kan ṣoṣo ni Àǹtí Ṣadé tẹ̀, àmì náà sì dúró.

Kàkà kí inú mi rọ̀, ńṣe ló tún ru sókè. Irú àlejò wo ló ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ láì béèrè lọ́wọ́ onílé? Bí a ṣe ń pa dà sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mò ń sọ ọ́ lọ, tí àwọn èrò ọkọ̀ ń wò mí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá ṣèlérí fún yín pé òun á yára, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ jẹ.

Ọ̀sán pọ́n. A tan ẹ̀rọ, a pe Mọjí, ọkọ rẹ̀ sì gbé fóònù síwájú rẹ̀. Àwòrán mọ́ débi pé mo rí ibi tí aṣọ ibùsùn ti ká. Ọmọ mi dùbúlẹ̀, wọ́n ti fi omi sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì ti so ó mọ́ pákó. Ọwọ́ òsì ló kù. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Ta ló tọ́ ọ tí yóò máa ju ọwọ́ òsì sí ìyá rẹ̀ lójú?

Ìyá rẹ̀ rí i. Ó ká ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé ti òsì sókè, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mọjí rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó sì gbé ọwọ́ òsì tirẹ̀ náà. Wọ́n sọ ọ́ pẹ́, mo rí gbogbo ìka wọn. Títí wọ́n fi tì í wọlé, ìyàwó mi ò mú ọwọ́ ọ̀tún jáde.