Ọkọ̀ Tó Máa Ń Yára Kún Létí Omi Ẹ̀pẹ́

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba náírà ni mò ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Ílobùú. Tí mo bá to ogún rẹ̀ síta, àwọn èèyàn á máa kọjá bí ẹni tí kò fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tí mo bá kó méjìdínlógún pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, méjì péré ló kù o," kí n tó bu omi mu, méjèèjì ti lọ. Màá tún gbé méjì mìíràn jáde. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ọjà òun ń tán lọ, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n ní olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Èmi ò jalè o, ike ni mò ń tà.

Ohun tó gbé mi dé Ẹ̀pẹ́ ni pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ílobùú àti ti Ìfọ́n pinnu pé ká jọ lọ gbafẹ́ lójú omi, ogójì obìnrin nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ ìlú wa méjèèjì á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti pẹ́ tó ti ń mú ká máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ara wa. Ìyàwó pásítọ̀ Ìfọ́n ló sọ ọ́ tó fi wọ gbogbo wa létí: "Lórí omi, kò sí ààlà oko tí a fẹ́ jà lé lórí." Ṣùgbọ́n tí ìrìn yìí bá bàjẹ́, Ìfọ́n á ní Ìlobùú ló bà á jẹ́, Ìlobùú á ní Ìfọ́n ni, a ò sì tún ní jọ jókòó mọ́.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ méjì ló wà létí omi Ẹ̀pẹ́, funfun kan, búlúù kan. Ti funfun, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà lórí ẹnì kan, ẹni tó bá sì fẹ́ àyè púpọ̀ gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀ lóṣù kan ṣáájú, torí ó máa ń kún. Ti búlúù, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá, ìgbàkígbà tó bá wù yín, àyè wà. Ìfọ́n ní funfun làwọn fẹ́. Èmi ní irọ́ ni funfun ń pa, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni wọ́n kó ìjókòó sí, àwọn ará ìlú mi sì kín mi lẹ́yìn. Wọ́n wá ní kí ẹnì kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan lọ wọ ọkọ̀ funfun yìí wò, kó wá jábọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹgbẹ́ á san owó mọ́tò, kálukú á fi owó ara rẹ̀ gba ìwé ọkọ̀. Ìlobùú rán mi. Ìfọ́n rán Màmá Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu ká máa bá èèyàn wí.

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kadà gbé Màmá Tíṣà dé iwájú ilé mi. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ìdájí. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́. Ìyá Oníke, gèlè rẹ dà? Àbí orí òfìfo lo fẹ́ gbé lọ sójú omi?"

Mo sáré wọlé lọ wé gèlè. Ẹgbẹ̀ta náírà ni wọ́n fi gbé wa dé Òṣogbo, láàárín àwọn oníṣòwò Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan. Ní gáréèjì, ọkọ̀ Ìbàdàn tó wà níwájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ìjókòó méjì péré ló kù. Màmá Tíṣà ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí n tó fà wọ́n láṣọ.

"Ẹ fara balẹ̀ mà. Ẹ wo ọkùnrin yẹn. Ó ní Ìbàdàn lòún ń lọ, kò ní báàgì, kò ní ọ̀rá, sílípáàsì ilé ìwẹ̀ ló wọ̀. Wọ́n háyà rẹ̀ ni, kí ọkọ̀ lè dà bí èyí tó kún."

"Ta ló máa háyà èèyàn láti jókòó?"

"Ẹ ṣáà máa wò ó."

A wọ̀ ọ́ náà, torí nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní báàgì. Bí a ṣe san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mẹ́rin tán, onísílípáàsì àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra búrẹ́dì. Bóyá Gáánà ni wọ́n ti lọ rà á, a ò rí wọn mọ́. A jókòó fún bíi wákàtí kan kí èrò tòótọ́ tó dí àyè wọn.

"O mọ̀ ọ́n o," ni Màmá Tíṣà wí.

"Iṣẹ́ mi ni mà." Inú mi dùn. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má jẹ́ kó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Láti Ìbàdàn dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ọ̀nà náà dára níbi tó ti dára. Níbi tí kò ti dára, dírẹ́bà ń yẹ kòtò bí onígbèsè tó ń yẹ olówó. Ebi ti ń pa wá, a jẹ ìkọ́kọrẹ́ ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ abọ́ kan. Ewùrà ni wọ́n ń rin, tí wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ epo àti ẹja. Ní ilé wa, tí a bá rin ewùrà, ọ̀jọ̀jọ̀ la máa fi dín. Mo bi obìnrin tó ń tà á bóyá ti àná ni.

"Ẹ̀yin màmá mi, tí ẹ bá rí ti àná, ẹ bá mi mú un wá. Kì í ṣẹ́kù."

Mo wojú ẹ̀. Oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi rèé.

Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ mìíràn ló gbé wa dé Ẹ̀pẹ́. Aago kan ọ̀sán ti fẹ́ lù nígbà tí a dé etí omi. Òórùn ẹja ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Ọkọ̀ funfun yóò gbéra ní aago méjì, wọ́n sì ní yóò padà ní aago mẹ́rin. A gba ìwé ọkọ̀ tán, mo yọjú wo inú rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Obìnrin mẹ́fà jókòó síwájú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó kan ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ara mi sọ fún mi.

"Ẹ wò wọ́n mà. Báàgì wọn dà?"

"Ìyá Oníke, ìgbafẹ́ wákàtí méjì ni wọ́n ń lọ. Kí lo fẹ́ kí wọ́n gbé dání, bọ́kẹ́ẹ̀tì?"

"Ẹ máa wọlé lọ. Màá dúró síbí, màá ṣọ́ àwọn tó máa sọ̀kalẹ̀ wá ra búrẹ́dì."

Màmá Tíṣà di ọwọ́ irin mú, wọ́n gba orí pákó wọlé, wọ́n jókòó. Èmi dúró létí omi bí ọlọ́pàá. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀kalẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lu aago méjì, bàbá arúgbó dìde, mo ní ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì rèé! Ilé ìtọ̀ tó wà lápá ẹ̀yìn nínú ọkọ̀ ló lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jáde, ó fọwọ́, ó padà jókòó. Ọmọkùnrin tó ń gba ìwé pè mí, "Màmá, ẹ wọlé." Mo ní kó máa ṣe tiẹ̀. Ó tún pè mí. Mo ní mo mọ ohun tí mò ń ṣọ́.

Wọ́n fun fèrè. Wọ́n fa pákó wọlé.

"Ẹ dúró! Mo ti sanwó!"

"Màmá, aago méjì ti lù."

"Láti aago kan ni mo ti wà níbí!"

"A rí yín mà. A pè yín lẹ́ẹ̀mejì."

Omi ti wà láàárín wa. Màmá Tíṣà kígbe látinú ọkọ̀, "Ìyá Oníke! Màá ròyìn fún ẹ!"

Obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, èèyàn márùn-ún ló máa ń gbé lọ. A fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ní aago méjì, aago méjì ni, ì báà jẹ́ ẹnì kan ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ayé mọ̀ pé kì í dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé."

"Ti búlúù ńkọ́?"

"Ìyẹn ní ó dìgbà tí òun bá kún." Ó yí ojú sẹ́yìn, ó ń lé eṣinṣin.

Mo rìn lọ síbi ọkọ̀ búlúù, mo ní bóyá n óò lè fi ìyẹn gbafẹ́. Èèyàn mẹ́wàá ti wà níbẹ̀. Mo fẹ́ tú owó, ọkùnrin tó ni ọkọ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ má sanwó mà. Bí ẹ ṣe wé gèlè yìí, ẹ dà bí ìyá gidi. Ẹ kàn jókòó síwájú níbí, kí àwọn tó ń bọ̀ rí yín. Màá fún yín ní ẹgbẹ̀rún méjì."

Èmi! Mo gba owó, mo jókòó. Ẹ má bi mí léèrè ìdí, oorun ń pa mí, òòrùn sì ń pa mí, ìjókòó náà sì ní ibòòji. Mo kọjú sí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ṣé ẹ ti pẹ́ níbí?"

"Láti oṣù kẹta," ló wí.

Àwa mọ́kànlá la jókòó síbẹ̀, a wọ aṣọ tó dáa, kò sí ẹnì kan nínú wa tó ń lọ síbì kankan.

Aago mẹ́rin géérégé, ọkọ̀ funfun dé. Màmá Tíṣà sọ̀kalẹ̀, ojú wọn ń dán bí ojú ìyàwó tuntun. Wọ́n rí mi.

"Ṣé ìwọ náà gbafẹ́?"

"Mo gbafẹ́ mà."

"Ibo ni wọ́n gbé ẹ dé?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín dé Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àna wọn ti fún wa ní ibi tí a sùn sí. Nígbà tí a ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó kù díẹ̀ ká wọ Ìlobùú, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ mi.

"Mélòó ló kù?"

"Méjì péré mà." A wo ara wa. Dírẹ́bà ò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a pé jọ sí Ìfọ́n. Màmá Tíṣà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ọkọ̀ ń lọ lásìkò, ó ń dé lásìkò, ilé ìtọ̀ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Wọn ò dárúkọ mi rárá. Wọ́n jókòó, wọ́n wò mí. Àwọn ará Ìlobùú náà ń wò mí, wọ́n ń retí kí n ní irọ́ ni. Mo mọ̀ dájú pé tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á tẹ̀ lé mi, kò sì ní sí ìrìn mọ́. Ó sún mọ́ mi lẹ́nu. Mo gbé e mì, mo dìde, mo sọ bí mo ṣe dúró ṣọ́ ọkọ̀ títí ó fi lọ, àti bí wọ́n ṣe háyà mi jókòó. Nígbà tí mo dé ibi "láti oṣù kẹta," ìyàwó pásítọ̀ Ìfọ́n ti fi orí lé èjìká ìyá olórin tiwa, àwọn méjèèjì ń nu omijé.

Wọ́n mú ọkọ̀ funfun, ogójì àyè. Ẹnì kan bèèrè ta ló máa rí i pé Ìyá Oníke wọlé. Màmá Tíṣà ní, "Èmi ni. Ọwọ́ ni màá fi fà á."

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ọkọ̀ tó bá ń dúró de èrò, èèyàn bí èmi ni yóò kó. Ọkọ̀ tó bá ń lọ ní tirẹ̀ layé ń sáré bá. Ẹ̀kọ́ yẹn ò wọ́n jù. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni mo fi gba ìwé ọkọ̀ tí n ò wọ̀, mo gba ẹgbẹ̀rún méjì lórí èyí tí kò lọ. Ó ná mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún náírà.