Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Dádì Ń Tù

Mo rántí ìgbà tí kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn kó borí ní gbogbo Cypress, ìlú òyìnbó tá à ń gbé. Kì í ṣe ẹnu lásán. Pásítọ̀ wa gan-an, tí mo bá ti nawọ́ sókè ní Sunday School, wọ́n á ní àkókò ti lọ. Dádì mi nìkan ló kù tí mi ò tíì borí.

Nígbà yẹn, mo fẹ́ fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ kí n lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní La Porte, ìlú kan tó wà létí òkun. Wọ́n ti gbà mí, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Monday. Dádì kọ̀. Ẹnjiníà ni wọ́n o, àmọ́ òwe àti àfiwé ni wọ́n fi ń dájọ́ nílé. "Ilé yìí, ọkọ̀ ojú omi ni. Èmi ni mò ń tù ú. Ẹni tó bá bẹ́ sódò á bómi lọ." Ó parí nìyẹn.

Kíláàsì kan ṣoṣo tí mi ò kì í sùn níbẹ̀ ni ti eré orí ìtàgé àwọn Gíríìkì àtijọ́. Tíṣà wa, ìyá àgbà òyìnbó kan, ń sọ̀rọ̀ ọba kan tó pe ìlú ẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi. Àtìgbà tó ti sọ ọ́, gbogbo ẹni tó bá ti ta kò ó di ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ lu. Ó kọ etí ikún sí ọmọ bíbí inú ẹ̀, ọmọ náà kú.

Tíṣà ní, "Àfiwé yẹn ló bá a pinnu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i lọ́kàn padà, inú àfiwé ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀."

Háà! Dádì mi rèé!

Lọ́jọ́ Sátidé, Dádì ń jẹ iyán, mo lọ dúró gbagidi níwájú wọn. "Dádì, ọkọ̀ tí kì í gúnlẹ̀, ibo ló ń kó èrò lọ?"

Mọ́mì ju ṣíbí sílẹ̀. "Ìwọ! Ò ń pòwe lójú àgbà, o ò tọrọ gáfárà? Ẹgbẹ́ ẹ ni?"

Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Tótó, ó ṣe bí òwe o, sà."

Dádì gbé òkèlè ọwọ́ wọn sílẹ̀. Èsì kan náà ni àgbà ń fọ̀ sí i. "O ó pa òmíràn." Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn. "La Porte yẹn, ṣebí èbúté ni? Ó dáa, sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sunday, atukọ̀ á máa wá gbé ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo sọ fún gbogbo ayé pé mo borí wọn. Àfìgbà tí mo dé La Porte, tí mò ń jó irin nínú oòrùn, ni mo wá rí i pé inú àfiwé wọn ni mo ṣì wà.

Ẹ gbọ́, Sunday ti tún dé, Dádì ló ń fọn fèrè jíìpù níta yẹn. Mi ò tíì wẹ̀. Mò ń lọ o.