Ọdún Tí Imú Mi Kò Gbọ́ Òórùn Èèpo Igi Mọ́

Ọdún tí wọ́n ti ọjà pa nítorí kòrónà, tí gbogbo Ọjà'ba dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀, ọdún náà ni mò ń sọ. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi, má tún un ṣe.

Èèpo igi àti egbò ni mo ti ń tà nísàlẹ̀ Mápó kí n tó bí ìyá rẹ. N kò mọ̀ọ́kọ, n kò mọ̀ọ́kà, n kì í kọ nǹkan sára àpò. Imú ni mo fi ń mọ ọjà mi. Nígbà tí wọ́n ní ká kó kúrò lọ́jà, ìkánjú ni àwọn ọmọ mi fi bá mi di ẹrù. Wọ́n da èèpo ọ̀gánwó tí a fi ń se àgbo ibà pọ̀ mọ́ èèpo ọ̀bọ̀ tí wọ́n ń rà láti fi pa eku. Bí àwọn méjèèjì bá ti gbẹ, wọ́n jọra bí ìbejì. N kò bínú. Mo ní tí ọjà bá ṣí, màá fi imú ṣà wọ́n.

Ọ̀fìnkìn kan ṣe mí nílé, ó lọ. Ọjà ṣí. Mo tú àpò, mo gbé èèpo símú: kò sí nǹkan kan. Mo gbé òmíràn. Kò sí. Mo fọ́ èèrù tó máa ń ta sánsán, àfi bí ẹni gbóòórùn omi. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo lọ sọ́dọ̀ alálùbọ́sà, mo gbé àlùbọ́sà símú títí ó fi ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ gbé e níyàwó?" Mo padà, mo tún jáde. Kí ni màá máa tà bí imú bá kú? Ta ni yóò gbà mí gbọ́ mọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin kan dé, ó pọn ọmọ.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ẹ fún mi ní èèpo ọ̀gánwó. Ẹ̀gbọ́n èyí tó wà lẹ́yìn mi ni ara ẹ̀ ń gbóná."

Mo mú ọ̀kan, mo jù ú sílẹ̀. Mo mú òmíràn. Mo fẹ́ fi ahọ́n tọ́ ọ wò, mo ní bó bá jẹ́ ọ̀bọ̀ ńkọ́? Ẹnu mi pàápàá kò mọ iyọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ìyá, ẹ dákun, ọ̀kadà ń dúró dè mí."

Obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tèmi ń wò mí. Eléèpo igi lòun náà. A kì í kí ara wa dáadáa láti ọjọ́ tó ti ti àga rẹ̀ wọ ojú ibi tèmi. Bí mo bá bi í léèrè, gbogbo ọjà á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí n tó mọ̀, mo ti dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ bá mi gbóòórùn eléyìí. Imú mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Háà! Imú tí ẹ fi ń yínmú sí mi náà ló kú yẹn?"

"Òun náà ni. Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́la. Ẹ gbóòórùn ẹ̀."

Ó gbé e símú, ó sì jù ú sílẹ̀ kíá. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọ̀bọ̀ ni."

Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn oníbàárà, ó wò mí. Ó mú ọ̀gánwó nínú àpò tirẹ̀ fún un, ó ní bí ara ẹ̀gbọ́n ọmọ náà bá ṣì ń gbóná lálẹ́, kó gbé e lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn náà ló fa àga rẹ̀ wá sí ojú ibi tèmi pátápátá, ó da àpò mi sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà.

"Ẹ jókòó jàre. Ẹ̀ ń lọ, ẹ̀ ń bọ̀, òòyì ti ń kọ́ mi."

Wọ́n pe ìrun alásàrí, ó ṣì ń ṣà.

Imú mi padà díẹ̀díẹ̀, kò padà tán. Títí di òní, kí n tó tú àpò, mo kọ́kọ́ ń fọ́ èèrù símú ná.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ìyá rẹ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ìsọ̀ ńlá kan lójú títì Pópó Yemọja. Wọ́n ní kò sí eléèpo igi mìíràn nítòsí, gbogbo oníbàárà á jẹ́ tiwa. Mo ní ó dáa, kí wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹlòmíràn tó ń ta èèpo igi, tí yóò gba ìsọ̀ tó kàn án.

"Ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ kì í kí," mo ní.