Iyọ̀ Ọwọ́ Ẹni Tó Ń Jẹun

Kí ẹnikẹ́ni tó rí mi nídìí pòtétò bíbó, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Abẹ́òkúta bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ. Mo tètè sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ẹni tí kò mọ ẹja dín ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń se oúnjẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó lónìí. Àwọn mìíràn ti wọlé ọkọ, wọ́n á sì pè mí lórí fóònù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ mi." Èmi ni mo máa ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i.

Ọkọ mi ló gbé wa dé Manchester. Nọ́ọ̀sì ni, ó rí iṣẹ́ sí ọsibítù, èmi sì tẹ̀lé e. Mo jókòó sílé wa ní Moss Side fún oṣù díẹ̀, mò ń wo bọ́ọ̀sì tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí Princess Road, títí ìjókòó fi sú mi. Nígbà tó yá, mo rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín kan ní Blackley. Chippy ni àwọn ará ibí ń pe irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí sí, nídìí pòtétò. Mò ń bó o, mò ń gé e, mò ń fọ̀ ọ́, omi tútù sì ń jẹ mí lọ́wọ́.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Ọkọ ti kú, ó wá ku òun nìkan nídìí agbada òróró. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi kò gbà á, nítorí ó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ. "Mà" ni mo ń pè é, títí tí òun náà fi gbà. Ní tirẹ̀, "love" ló ń pè mí. Mo kọ́kọ́ fojú burúkú wò ó, kí n tó gbọ́ ọ tó ń pe ẹni tó ń pín lẹ́tà ní love, tó sì ń pe ọkọ ọlọ́kọ tó wá ra ẹja ní love. Mo wá mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbẹ̀ nìyẹn.

Ó ní àṣà kan tí kò jẹ́ kó yẹ̀. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù, tí a bá ti ilẹ̀kùn láti sinmi díẹ̀, á dín ẹja tirẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá a dín in. Ọmọbìnrin tó ń dúró ní káńtà sọ fún mi pé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì jẹ ẹja tí ẹlòmíràn dín.

Èjìká rẹ̀ ọ̀tún ló dá wàhálà sílẹ̀. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i, kò sì ní lè fi ọwọ́ náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ń wá ẹni tí yóò dúró nídìí agbada, ó sì sọ fún wa láìfi bò pé bí òun kò bá rí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀, òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ bá a, mo ní èmi rèé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí a kì í ṣí, kí òun wo ọwọ́ mi.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹja rẹ̀. Mo fi iyọ̀, ata gígún, ata ilẹ̀ àti táìmù pa á lára, mo sì jẹ́ kó jókòó kí adùn wọ inú rẹ̀. Mo po fúláwà tí wọ́n máa ń rì ẹja sínú rẹ̀ kí wọ́n tó dín in, mo wá lù ú bí a ṣe ń lu ẹ̀wà tí a fẹ́ fi dín àkàrà, mo lù ú títí apá fi ń ro mí, kó lè wú dáadáa. Ìyá náà jókòó lórí àpótí, ó ń wò mí. Nígbà tí mo gbé ẹja náà sínú òróró, fúláwà bọ́ kúrò lára rẹ̀ lápá kan, èyí tó kù sì le bí awọ bàtà. Mo gbé e fún un bẹ́ẹ̀ náà. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Ó dùn, love," ló wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa."

Ó ní òun yóò tún dán mi wò ní Mọ́ńdè méjì sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, òun yóò pe àwọn tó ń bá èèyàn ta ṣọ́ọ̀bù.

Ìbínú ni mo fi gun bọ́ọ̀sì padà sílé. Tiwa bí i ti báwo? Ẹja tí kò ní iyọ̀, tí kò ní ata, ṣé ìyẹn ni tiwọn? Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi láìmí. Tíṣà ló máa ń pè mí nígbà tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ," ó wí. "O ti sọ ọmọ lórúkọ, o ò tíì wọ ilé."

Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ òun kò ní lọ síbi iṣẹ́, òun yóò gbé mi lọ sí àwọn ìlú kéékèèké tí àwọn arúgbó wọn ti ń jẹ ẹja yìí láti kékeré, kí n jẹ ẹ́ níbẹ̀ kí n tó bú u. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n mo wọ mọ́tò. Kí a tó kúrò ní àdúgbò wa, mo gba ìgò ata gígún tí ọkọ mi fi pamọ́ sápò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ata sí i kò ní mọ ohun tó ń jẹ.

Ramsbottom la kọ́kọ́ dé. Mo mú ìwé kékeré dání, mo sì ń fún ẹja ní máàkì bí mo ṣe máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Èyí gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ti Clitheroe gba mẹ́rin, nítorí pé ó gbóná. Láti ibẹ̀ títí a fi gun òkè lọ sí ìhà Skipton, mò ń ṣàlàyé fún ọkọ mi gbogbo ohun tí àwọn èèyàn yìí kò mọ̀. Ó ń wa mọ́tò lọ, ó ń jẹ pòtétò tí mo jẹ kù, ó ń dáhùn pé, "Ẹn-ẹ́n, Tíṣà."

Skipton ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ọ̀rá màlúù ni wọ́n fi ń dín tiwọn, òórùn rẹ̀ ti gba ojú pópó kí a tó rí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bu èérún fúláwà díndín lé e fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo gé ẹja náà, èèpo rẹ̀ ró, inú rẹ̀ sì funfun, ó ń tú bí ewé ìwé. Mo dìde lọ bá ọkùnrin tó ń dín in. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n wo bó ṣe ń po fúláwà. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé abọ́ rẹ̀ jáde láti inú fíríìjì. Ó tutù bí yìnyín. Ó rò ó lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó fi í sílẹ̀ tòun ti kókó nínú rẹ̀. Ọmọ kíláàsì mi tó bá po fúláwà báyẹn, n kò ní jẹ́ kó yege. Ó wá fi aṣọ mímọ́ nu ẹja náà gbẹ táútáú kó tó rì í sínú rẹ̀, mo sì rí ìdí tí tèmi fi bọ́. Iyọ̀ àti ọsàn ló fa omi jáde lára rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iyọ̀ ṣì ń dùn mí. Mo ní fúláwà yé mi, ẹja gbígbẹ yé mi, kí ló wá dé tí wọn ò fi iyọ̀ sí ẹja? Hebden Bridge, níbi tí a ti yà kẹ́yìn kí a tó máa bọ̀ wálé, ni mo ti rí ìdáhùn.

Tọkọtaya arúgbó kan jókòó sí tábìlì tó tẹ̀lé tiwa. Ẹja kan ni wọ́n rà fún àwọn méjèèjì. Bàbá náà fi fọ́ọ̀kì pín in sí méjì, ó gbọn iyọ̀ sórí ìlàjì tirẹ̀ dáadáa. Nígbà tó kan ti ìyàwó rẹ̀, ó gbé ìgò iyọ̀ jìnnà sí i, ó sì fa ìgò fínígà, omi kíkan tí wọ́n máa ń dà sórí ẹja, sún mọ́ ọn. Ìyá náà da fínígà sórí ẹja rẹ̀ títí ó fi ń kán sílẹ̀. Ọkọ mi rọra sọ fún mi pé ó jọ pé dókítà ti ní kí ìyá náà yé jẹ iyọ̀. Àwọn méjèèjì ń jẹ ẹja kan náà, ó sì ń dùn mọ́ oníkálukú wọn.

Mo gbé fọ́ọ̀kì mi sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, alásè ló ni iyọ̀. Òun ló máa tọ́ ọ wò, òun ló máa sọ pé ó tó, ẹni tó bá sì bèèrè iyọ̀ nídìí oúnjẹ rẹ̀ ti bú u. Èmi fúnra mi kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, ẹni tó ń jẹun ló ni iyọ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń dín ẹja ni kó jẹ́ kó mọ́, kó gbóná, kí èèpo rẹ̀ máa ró lẹ́nu, kó sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Bí mo bá ti fi iyọ̀ àti ata pa á láti ẹ̀yìn, mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá yẹn sóde. Ojú tì mí díẹ̀. Mo sì fún ẹja náà ní mẹ́sàn-án.

Nígbà tí Mọ́ńdè pé, mo nu ẹja gbẹ. Mo ro fúláwà tútù lẹ́ẹ̀mẹta, mo dáwọ́ dúró. Ọwọ́ mi ń yún mi láti mú iyọ̀, n kò mú un. Ohun kan ṣoṣo ni n kò yí padà, ìyẹn ni etí mi. Òróró máa ń pariwo nígbà tí ẹja bá ṣì tutù nínú, ohùn rẹ̀ á sì máa rẹlẹ̀ bó bá ṣe ń jinná. Aago kékeré kan wà lára agbada tí ìyá náà máa ń yí. N kò yí i. Mo dúró, mo tẹ́tí, mo yọ ẹja náà nígbà tí ohùn òróró sọ pé kí n yọ ọ́.

Ìyá náà jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi náà kì í wo aago," ló wí níkẹyìn. Ó ní kí n wá síwájú láti Wẹ́sìdeè.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè yẹn, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ wá tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì, ó tò sórí ìlà bí oníbàárà, ó sì ń sọ fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀ àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé ìyàwó òun nìyẹn nídìí agbada. Mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, orí mi sì wú.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ìyá náà wọ ọsibítù. Nígbà tí aago méjì lù, ọmọbìnrin tó ń dúró ní káńtà ti ilẹ̀kùn. Mo kúrò nídìí agbada kí ìyá náà lè dín ẹja rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kò wá síbẹ̀. Ó bọ́ sí òdìkejì káńtà, níbi tí àwọn oníbàárà ń dúró sí, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tí kò dùn ún lé orí káńtà.

"Ẹja kan, love," ó wí.

Mo dín in. Etí mi kò tíì ṣọ́ òróró tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé e sórí bébà, mo wá bi í léèrè bí mo ṣe bi gbogbo èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ náà bóyá kí n fi iyọ̀ àti fínígà sí i.

"Fi sí i bí ó ṣe tọ́ lójú rẹ," ó wí. "O mọ̀ ọ́n."

Mo mú ìgò iyọ̀. Mo gbọ̀n ọ́n bí mo ṣe máa gbọ̀n ọ́n fún ìyá mi.