Wáyà Tó Lágbára Jù

Ẹ̀rù gáàsì ń ba ìyá mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ra sítóòfù oníná mànàmáná nígbà tí wọ́n wá bá mi gbé ní Surulere. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tàn án, ẹ̀wà wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀, omi rẹ̀ ò hó. Gílóòbù yàrá náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ojú aláìsàn.

Oníwáyà tí mo pè sọ pé sítóòfù ò ṣe nǹkan kan, iná ló kéré.

"Wáyà kan náà ni gbogbo ayálégbé ilé yìí jọ ń fà. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín sórí òmíràn nínú mẹ́ta tó wọlé."

Ó yí i níbi fíúsì, ẹ̀wà sì hó. Ìyá mi bù ú yípo ilé, torí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá jẹun. Bí àwọn ayálégbé ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń wo gílóòbù wa. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi gbé iná tiwọn wá sórí wáyà wa, sítóòfù bá tún tutù. Mo bínú, mo ní ojúkòkòrò ló ń bá wọn jà.

Oníwáyà padà wá. Ó ní wáyà tí gbogbo wa sá kúrò lórí rẹ̀ ló wá lágbára jù báyìí. Ó dá wa padà síbẹ̀, yàrá mọ́lẹ̀ kedere.

Ìyá mi dìde, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n fa kọ́tìnì bò ó.

"Ẹ má pariwo o," wọ́n sọ fún èmi àti oníwáyà jẹ́jẹ́.

Èmi àti ìyá mi nìkan la jẹ ẹ̀wà ọjọ́ yẹn.